Ibi Tó Ń Kán Kọ́ Ló Ń Jò

Apá méjèèjì ni obìnrin náà fi dì mọ́ sitiárì, ó gbé ìdí kúrò lórí àga, ó gbé gbogbo ara lé e, síbẹ̀ ọkọ̀ náà kò yí ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Géètì ilé wọn ló fẹ́ wọ̀. Imú ọkọ̀ ti wà nínú ọgbà, ìdí rẹ̀ ṣì dí títì, àwọn ọlọ́kọ̀ mẹ́ta tó wà lẹ́yìn sì ń fun fèrè mọ́ ọn lára. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀, awò ojú rẹ̀ ti yọ̀ wá sí ṣóńṣó imú, ó sì ń bá ọkọ̀ náà wí bí ẹni ń bá ọmọ kíláàsì wí.

"Mo ní kó o yí. Ṣé o ò gbọ́ ni? Yí."

Ọkùnrin kan tó gbé páìpù gígùn mẹ́ta lé èjìká dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ó ń wò ó. N kò ní parọ́ fún yín, kì í ṣe ọkọ̀ ló kọ́kọ́ wò. Ó ti rí ọ̀pọ̀ arẹwà rí, ṣùgbọ́n kò tíì rí èyí tó ń kọ́ mọ́tò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ọkàn rẹ̀ fà sí i lójú ẹsẹ̀, ó sì gbé páìpù sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí taya kọ́kọ́ máa yí lọ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó yí ọwọ́ ẹ̀. Tó bá dúró sójú kan, ó máa ń le jù báyìí lọ."

Obìnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀, ó tẹ ọkọ̀ díẹ̀, ó yí i, ọkọ̀ sì wọlé. Ó bọ́ sílẹ̀, ó nu ojú.

"Ẹ ṣé o. Ṣé mẹkáníìkì ni yín?"

"Rárá, pulọ́mbà ni mí. Omi ni mo mọ̀."

"Ta ló wá ní kí oníṣẹ́ omi máa kọ́ mi ní mọ́tò?"

"Ohun tó bá ti ń jò, ojúlùmọ̀ mi ni." Ó nàka sí ilẹ̀. Láti ojú títì títí dé abẹ́ ọkọ̀, ọ́ìlì pupa ti kán tó-tó-tó sórí sìmẹ́ńtì. "Ilé yín gan-an ni mò ń bọ̀. Bàbá kan ló ránṣẹ́ pé ilé ìwẹ̀ àwọn ń jò."

"Bàbá mi nìyẹn," ni obìnrin náà wí, ó sì ti awò padà sójú kó lè rí i dáadáa. Ohun tó rí kò burú, ṣùgbọ́n kò sọ fún un.

Dẹ́rẹ́bà Àgbà ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá náà. Ọdún márùndínlógójì ló fi wa bọ́ọ̀sì akérò, kò fi ọkọ̀ kan ènìyàn, kò fi kan igi. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló kù nínú ilé. Ọmọ yìí ń kọ́ni ní ìṣirò níléèwé girama, Tíṣà ni gbogbo ènìyàn ń pè é, bàbá rẹ̀ pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀ tó bá fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ọdún méjì tí ojú bàbá ti ń ṣe bàìbàì, Tíṣà ló ń wa ọkọ̀, ṣùgbọ́n bàbá kò jẹ́ kó fọwọ́ kan abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Ìwọ lo ni sitiárì," ló máa ń wí, "èmi ni mo ni bọ́nẹ́ẹ̀tì." Ìrọ̀lẹ́ kan kì í kọjá kó má jáde lọ bu ọ́ìlì àti omi sí i.

Lọ́jọ́ náà, Tíṣà yọjú sí ilé ìwẹ̀, ó bá pulọ́mbà lórí korobá tó dojú dé. Ó káwọ́ gbera, ó tẹjú mọ́ ògiri.

"Ẹ jọ̀wọ́, ṣé iṣẹ́ tẹ́ ẹ wá ṣe nìyẹn?"

"Òun gan-an ni. Ibi tó ń kán kọ́ ló ń jò, mà. Omi máa ń rìn. Ó lè jò níbí, kó gba ẹ̀yìn ògiri, kó wá kán sílẹ̀ lọ́hùn-ún, kí gbogbo ayé máa fọ́ ọ̀hún. Mo ti nù ún gbẹ. Ibi tó bá kọ́kọ́ tutù, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà."

Tíṣà jókòó sí ẹnu ọ̀nà, àwọn méjèèjì jọ ń wo ògiri. Kò pẹ́ tí ibì kan tó kéré bí ojú ẹja fi tutù, òkè pátápátá ni, ó jìnnà sí ibi tí omi ti ń kán. Tíṣà rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọmọ kíláàsì gba ìṣirò líle lójú rẹ̀.

"Ẹ fi ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà hàn kẹ́ ẹ tó dáhùn. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Ẹni tó bá kọ ìdáhùn fún mi láìfi iṣẹ́ rẹ̀ hàn, òdo ni mò ń fún un."

"Èmi wá ńkọ́?"

"Ẹ ṣe é tán ná, Oní-páìpù."

Orúkọ tó sọ ọ́ nìyẹn, ó sì mọ́ ọn lára.

Ilé ìwẹ̀ tó parí lọ́jọ́ kan ni Oní-páìpù wá wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan. Lọ́sẹ̀ kejì, kò rí àwáwí mọ́, ó dúró síwájú iléèwé nígbà tí wọ́n jáde, ó ní òun ń kọjá lọ. Tíṣà ní, "Láti ibo sí ibo?" Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti jọ ń rìn délé. Nígbà tó fi di oṣù kẹta, "ẹ" ti di "o", "mà" ti di "ìfẹ́ mi", àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ti ń mú ohùn Tíṣà wọn tó ń kọrin nídìí bọ́ọ̀dù sín jẹ.

Ìgbà náà ni wọ́n jọ lọ bá bàbá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé àwọn fẹ́ fẹ́ ara àwọn. Bàbá gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn tán. Ó kọjú sí ọkọ̀ tó wà nínú ọgbà.

"Ṣé o rí ọkọ̀ yìí?" ló wí fún Oní-páìpù. "Mẹkáníìkì méjì ló ti dé ìdí ẹ̀. Ọ̀kan ní pọ́ǹpù ló bàjẹ́. Èkejì ní gbogbo ẹ̀rọ sitiárì ni ká pààrọ̀. Mo lé àwọn méjèèjì. Wọ́n ní ìwọ lo mọ ohun tó ń jò. Ó dáa, wá ibi tó ń jò rí. Tó o bá rí i, tó o sì dí i, wá jókòó síbí ká sọ̀rọ̀ ọmọ mi. Tó ò bá rí i, máa lọ bá ilé ìwẹ̀ ẹ."

"Bàbá," ni Tíṣà wí, "ṣé mọ́tò lẹ fẹ́ fi díwọ̀n èèyàn ni?"

"Mọ́tò ni mo fi díwọ̀n gbogbo ayé mi. Kò tíì tàn mí jẹ rí."

Oní-páìpù tẹrí ba. "Mo gbà, sà," ló wí, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, nítorí ó dá ara rẹ̀ lójú.

Káádíbọ́ọ̀dù funfun tí Tíṣà fi ń kọ́ni ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ sábẹ́ ọkọ̀. Tíṣà ya taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i, ó kọ "iwájú" síbi tí iwájú wà. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á jáde lọ yí bírò ká ọ́ìlì tó kán, á kọ ọjọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Oní-páìpù ti sọ fún un pé àwọ̀ ń sọ̀rọ̀: omi ẹ̀rọ amúlétutù kò láwọ̀, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dúdú, ọ́ìlì sitiárì sì pupa. Ọjọ́ Ajé pupa. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun pupa. Nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí Oní-páìpù ti wá kí wọn ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, èyí tó kán ti ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó fẹ́ jọ omi tíì. Tíṣà kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí i.

Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, Oní-páìpù dé pẹ̀lú àpò irinṣẹ́. Ohun tó ṣe fún ògiri ilé ìwẹ̀ náà ló ṣe fún ọkọ̀. Ó fi ọṣẹ àti àkísà nu pọ́ǹpù, ó nu ike ọ́ìlì, ó nu gbogbo rọ́bà títí wọ́n fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ló ní kí Tíṣà wọlé, kó tan ọkọ̀.

"Yí i sósì. Ó tó. Yí i sọ́tùn-ún. Tó bá dé ìpẹ̀kun, má dì í mú pẹ́, pọ́ǹpù á jìyà."

"Ṣé èmi kọ́ ni tíṣà mọ́ ni?"

"Lónìí, ìwọ ni akẹ́kọ̀ọ́. Jókòó dáadáa."

Ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó dọ̀bálẹ̀ sórí àpò, ó ń wò. Irin ìsàlẹ̀ ni ọ́ìlì ti ń kán, ibẹ̀ náà ni àwọn mẹkáníìkì wò. Ṣùgbọ́n ibi tó kọ́kọ́ tutù ni ẹnu rọ́bà tó ti inú ike bọ̀ wá sẹ́yìn pọ́ǹpù. Ọ́ìlì náà ń yọ́ gba ara rọ́bà sọ̀ kalẹ̀, ó ń fara pamọ́ sórí irin kó tó kán.

"Mo ti mú ọ," ni Oní-páìpù wí fún un.

Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì. Kílíìpù tó di rọ́bà náà mú wà ní kọ̀rọ̀, ọwọ́ Oní-páìpù kò sì wọ ibẹ̀. Ó gbìyànjú títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó.

"Kúrò níbẹ̀," ni Tíṣà wí, ó ká apá aṣọ sókè. "Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Tìrẹ ò wọ kèrègbè."

Ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ náà wọlé, ó yí sukudiráfà lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kílíìpù sì dẹ̀. Oní-páìpù ń wo ọwọ́ náà bó ṣe ń jáde tòun ti ọ̀rá.

"Ọwọ́ yìí, ṣé mo lè máa rí i lò títí ayé?"

"Bàbá mi ni kó o bi."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wá fa rọ́bà náà jáde, ẹ̀rín sì kú lẹ́nu rẹ̀. Rọ́bà náà wú, ó rọ̀ bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Ọjọ́ ogbó kọ́ ló ṣe é bẹ́ẹ̀, torí rọ́bà tó gbó máa ń le ni, á sì sán. Ó fi ìka kan ọ́ìlì inú rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Ọ́ìlì bíréèkì ni.

Ó wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá jókòó síbẹ̀, ó kọjú sí i gbọnrangandan. Lórí fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìgò ọ́ìlì méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n ga bákan náà, ìdérí wọn pọ́n bákan náà: ọ̀kan ti sitiárì, ọ̀kan ti bíréèkì. Oní-páìpù gbé ọwọ́ sókè kí bàbá. Bàbá kò dáhùn. Ó tún gbé e sókè, ó jù ú lọ jù ú bọ̀. Ojú bàbá kò kúrò lára rẹ̀, kò sì rí i.

Àánú ṣe é débi tó fi gbàgbé rọ́bà lọ́wọ́. Gbogbo àdúgbò ló gbà pé ojú bàbá ń ṣe bàìbàì, ọmọ rẹ̀ pàápàá gbà bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ti burú tó yìí. Ó sì yé e pé tóun bá sọ ohun tóun rí, òun á borí nínú ìdánwò náà, òun á sì dójú ti bàbá ọmọ tóun fẹ́ fẹ́.

Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú rọ́bà ògbólógbòó náà kí wọ́n lè fi wọn òmíràn fún un. Rọ́bà omi wà nínú àpò rẹ̀, ṣùgbọ́n rọ́bà omi ò lè gbé ọ́ìlì. Nígbà tó dé, ó fi súríǹjì ńlá fa gbogbo ohun tó wà nínú ike, ó fi kílíìpù tuntun méjì so rọ́bà, ó fi ọ́ìlì tó yẹ fọ ẹ̀rọ náà títí èyí tó ń jáde fi pọ́n rokoṣo. Wọ́n fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, wọ́n fi igi tì í, Tíṣà yí sitiárì sósì sọ́tùn-ún títí ìfófòó inú ike fi parẹ́. Igbe ìín-ìín tí ọkọ̀ náà máa ń ké lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì dákẹ́. Ìka kan ni Tíṣà fi yí i kẹ́yìn.

"Kí ló fà á?" ni bàbá bi láti orí àga rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò le bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Rọ́bà ló gbó, sà. Ọkọ̀ tó ti pẹ́ ni."

Bàbá fi ọwọ́ nu ojú. "O ṣé," ló wí.

Nígbà tí Oní-páìpù ń kó irinṣẹ́, ó mú ìgò ọ́ìlì bíréèkì kúrò lójú fèrèsé, ó rọra tì í sínú àpò. Ó rò pé ẹnì kankan kò rí òun. Tíṣà rí i.

Ìdí géètì ló ti dá a dúró, káádíbọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí lo fi sínú àpò yẹn?"

"Kò sí nǹkan kan."

Tíṣà fa àpò náà yà, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò náà. Láti kékeré ni bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé ọ́ìlì bíréèkì àti ọ́ìlì sitiárì kò gbọdọ̀ pàdé láéláé, pé ọ̀kan á jẹ rọ́bà èkejì run. Ó wo káádíbọ́ọ̀dù, ó wo Oní-páìpù.

"Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú lo wá síbí. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni àwọ̀ yí padà. Ṣé o da eléyìí sínú ọkọ̀ bàbá mi kí jíjò ẹ̀ lè pọ̀ sí i, kó o lè rí i dí?"

"Èmi kọ́."

"Ta wá ni?"

Oní-páìpù gbójú sókè. Lẹ́yìn obìnrin náà, ó ń rí bàbá tó ń fọwọ́ pa ojú fèrèsé kiri, tó ń wá ìgò ọ́ìlì.

"Tíṣà, ìfẹ́ mi, má bi mí."

"O parọ́ fún bàbá mi lójú mi. Rọ́bà tó gbó kọ́ nìyẹn. Wàá parọ́ fún èmi náà." Omi ti kún ojú rẹ̀. Ó yọ bírò pupa, ó kọ òdo ńlá sórí káádíbọ́ọ̀dù náà. "Ìdáhùn tí kò níṣẹ́. Máa lọ."

Ó dun ọkùnrin náà wọra. Síbẹ̀, ó gbé àpò rẹ̀, ó sì lọ, kò dárúkọ bàbá.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Ọkọ̀ ń yí bí òróró, Tíṣà kò sì kọrin nídìí bọ́ọ̀dù mọ́. Alẹ́ ni bàbá ń gbọ́ ọ tó ń fa imú nínú yàrá, òun náà kò sì rí oorun sùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n jọ ń mu tíì, bàbá ní, "Oní-páìpù ńkọ́? Mo ní kó wá jókòó ká sọ̀rọ̀."

"Ẹ gbàgbé ẹ̀, Bàbá. Òun ló da ọ́ìlì bíréèkì sí sitiárì yín. Ìgò ẹ̀ wà nínú àpò ẹ̀, mo fojú mi rí i."

Bàbá gbé ife kalẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti tún ọkọ̀ ṣe ló ti ń wá ìgò kan lójú fèrèsé tí kò rí i. Ó béèrè bóyá ọmọkùnrin náà sọ nǹkan kan láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

"Ó ní òun kọ́. Mo bi í pé ta ni, ó ní kí n má bi òun."

Bàbá jókòó síbẹ̀ títí Tíṣà fi jáde lọ síléèwé. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó fọwọ́ wá sípánà nínú dúrọ́ọ̀, ó wọ ilé ìdáná.

Nígbà tí Tíṣà dé lọ́sàn-án, omi ti kún ilẹ̀ ilé ìdáná, Oní-páìpù sì wà lábẹ́ ẹ̀rọ omi. Bàbá jókòó sórí àpótí, ṣòkòtò rẹ̀ tutù dé orúnkún.

"Ẹ̀rọ omi ló jò," ni bàbá wí. "Mo ránṣẹ́ pe pulọ́mbà."

Oní-páìpù yọrí jáde. Ó kí Tíṣà, Tíṣà sì fi orí dáhùn.

"Sà, ẹ̀rọ omi yìí ò jò o. Ṣe ni wọ́n fi sípánà tú nọ́ọ̀tì ẹ̀. Ojú irin ẹ̀ ṣì ń dán."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo tú u." Bàbá na ọwọ́ wá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ títí ó fi kàn án. "Ibi tó ń kán kọ́ ló ń jò, àbí kí lo máa ń wí? Èmi ni mò ń jò. Èmi ni mo da ọ́ìlì bíréèkì síbẹ̀, ọmọ mi. Ó tó oṣù mélòó kan. Ìgò ni mo ń fọwọ́ mú, n kò lè ka èyí tó jẹ́. Ojú òsì ti lọ tán. Ti ọ̀tún, òjìji ló ń fi hàn mí."

"Bàbá, ẹ ní bàìbàì ni."

"Kí ni ǹ bá sọ? Ẹni tó wa ọkọ̀ fún ọdún márùndínlógójì kò mọ ọ́ìlì yàtọ̀ sí ọ́ìlì mọ́. Mo rò pé tó o bá mọ̀, wàá ní o ò lè fi mí sílẹ̀ lọ ilé ọkọ. Tó o bá sì lọ, ta ni mo ní? Mo fẹ́ kí bọ́nẹ́ẹ̀tì kù fún mi, ó kéré tán." Ó yíjú síbi tí ohùn Oní-páìpù ti wá. "Ọmọ yìí mọ̀. Ó gbé ẹ̀sùn mi rù, ó sì dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi jẹ́ kó rù ú. Mo tọrọ àforíjì, ọmọ mi."

Tíṣà kúnlẹ̀ sínú omi, ó gbá bàbá rẹ̀ mọ́ra, ó sunkún gidi. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó wọ yàrá. Ó gbé káádíbọ́ọ̀dù jáde, òdo pupa wà lórí rẹ̀ gàdàgbà. Ó fa igi lé òdo náà.

"Mo ṣẹ̀ ọ́," ló wí fún Oní-páìpù. "Mo fún ọ ní máàkì láìyẹ iṣẹ́ wò."

"Mi ò kọ iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ láti yẹ̀ wò."

Tíṣà kọ nǹkan kan sí káádíbọ́ọ̀dù náà, ó yí i sí Oní-páìpù. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá.

"Ọ̀kan yòókù ńkọ́?"

"Ó yẹ kó o sọ fún mi, kì í ṣe láti dójú ti bàbá, kí n lè tètè gbé wọn lọ rí dókítà ni. Ọ̀kan yòókù, wàá máa gbà á díẹ̀díẹ̀ títí a ó fi darúgbó."

Oní-páìpù nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò. "Ṣé o gbà láti fẹ́ mi nìyẹn?"

"O rí ibi tó ń jò," ni bàbá dá sí i, "o sì dí i. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ti tán. Ó ku kí òun fúnra ẹ̀ dáhùn."

"Mo gbà," ni Tíṣà wí. "Àmọ́ ilé kan náà là ń gbé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Mo ti fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀," ni Oní-páìpù wí. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dí nọ́ọ̀tì yìí, kí omi má gbé wa lọ."

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, dókítà ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ojú ọ̀tún bàbá, ó sì fún un ní awò. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí i lójú, kò sí pátákó tó kọjá tí kì í kà sókè, títí àwọn méjèèjì fi bẹ̀ ẹ́ pé kó sinmi. Ní àárọ̀ tí wọ́n ń lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń so tọkọtaya pọ̀, Tíṣà ló wa ọkọ̀, aṣọ funfun lọ́rùn rẹ̀. Oní-páìpù jókòó sẹ́yìn, ó di òdòdó mú bí ẹni di páìpù mú. Bàbá wà níwájú. Géètì ọ́fíìsì náà tóóró, ó sì wà ní kọ́nà.

"Rọra yí i," ni bàbá wí.

"Bàbá, ìka kan ni mo fi ń yí i."

Bàbá yíjú sí i, ó wo ìka náà lórí sitiárì, ó wo aṣọ funfun, ó wo ojú ọmọ rẹ̀ pẹ́.

"Mo rí i," ló wí.